Ọjà Ọba Òṣogbo: Ojú-Ìwé tí A Ń Ṣí Kọjá

Bí a bá dárúkọ Òṣogbo láàrin àwa akẹ́kọ̀ọ́, igbó Ọ̀ṣun ni ó máa ń kọ́kọ́ sọ sí olúkúlùkù lọ́kàn. Ẹni tó fẹ́ kọ ewì yóò kọ nípa odò. Ẹni tó fẹ́ ya àwòrán yóò ya ère inú igbó. Ẹni tí àlejò bá sì ti òkè òkun wá bá, igbó náà ni yóò mú un lọ. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí èyí, nítorí igbó náà yẹ fún gbogbo ìyìn tí a ń fún un. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa sọ ni pé, bí a ti ń ka Òṣogbo yìí, ẹ̀yìn ìwé ni a ti ń bẹ̀rẹ̀. Ojú-ìwé àkọ́kọ́ wà ní àárín ìlú, níbi tí ààfin Àtáọ́ja àti Ọjà Ọba gbé kọjú síra, a sì ń ṣí i kọjá bí ẹni pé kò sí ohun tí a kọ sí i.

Ẹnìkan lè bi mí pé, kí ni ó pa àyẹ̀wò iṣẹ́ ọnà pọ̀ mọ́ ọjà àti ògiri ilé? Ìdáhùn mi kò gùn. Ọwọ́ ènìyàn ni ó ṣe ìlú, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣe ewì àti eré orí ìtàgé. Ìlú ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní àárín, ó ní ibi tí ohùn gbé ń ròkè àti ibi tí ó gbé ń rọlẹ̀. Ẹni tó bá fara balẹ̀ lè kà á, ẹni tó bá sì kà á lè sọ pé èyí dára, èyí kù díẹ̀ káàtó, kí ó sì sọ ìdí rẹ̀. Èdè ni mo ń kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, n kì í ṣe ẹni tó ń ya àwòrán ilé; nítorí náà orúkọ ni n ó kọ́kọ́ dì mú, nítorí pé orúkọ ni ògiri tí òjò kì í tètè wó.

Ìtàn tí àwọn ará Òṣogbo ń sọ ni pé láti Ìpólé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni Lárooyè àti Olútìmẹ́yìn ọdẹ ti wá. Ọ̀rọ̀ omi ni ó lé wọn kúrò nílé, nítorí pé omi wọ́n wọn níbẹ̀. Olútìmẹ́yìn ń ṣọdẹ kiri títí ó fi já sí etí odò Ọ̀ṣun. Ó padà lọ sọ fún Lárooyè, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn wọn wá síbẹ̀. Wọ́n ní bí wọ́n ti ń gé igbó láti tẹ ibẹ̀ dó, igi kan wó lu odò, ohùn kan sì ké láti inú omi pé àwọn oṣó inú igbó ti fọ́ ìkòkò aró òun. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ní orúkọ ìlú ti wá: oṣó igbó.

Akẹ́kọ̀ọ́ èdè yóò rọra dúró lórí ìtumọ̀ yìí. Bí a bá pa oṣó àti igbó pọ̀, ohùn òkè ni ó yẹ kí ó gbẹ̀yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn tí àwọn onílùú fi ń pe Òṣogbo kò rí bẹ́ẹ̀. N kò sọ èyí láti fi ba ìtàn àwọn àgbà jẹ́. Ohun tí mo ń wí ni pé ìtàn orúkọ kì í sábà sọ ibi tí orúkọ ti wá. Ohun tí àwọn tó ń jẹ́ orúkọ náà kò fẹ́ gbàgbé ni ó máa ń sọ. Kí wá ni ohun tí àwọn ará Òṣogbo kò fẹ́ gbàgbé? Pé ẹnìkan ti wà níbẹ̀ ṣáájú wọn; pé aláró ni ẹni náà, obìnrin tó ní ìkòkò tirẹ̀ àti iṣẹ́ tirẹ̀; àti pé gbèsè ìkòkò fífọ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ìlú. Abájọ tí wọ́n fi ń pe Òṣogbo ní ìlú aró.

Ẹ wo orúkọ oyè ọba wọn pẹ̀lú. Àtáọ́ja ni ẹni tó tẹ́wọ́ gba ẹja: wọ́n ní Lárooyè rúbọ sí odò, ẹja ńlá kan jáde sí i, ó sì tẹ́ ọwọ́ méjèèjì gbà á. Bí a bá sì rìn dé Iléṣà, a ó bá Ọwá Obòkun níbẹ̀, ẹni tí ìtàn sọ pé baba ńlá rẹ̀ lọ bu omi òkun wá láti fi wo ojú Odùduwà sàn. Ọba méjì, ìlú méjì tí kò jìnnà síra, omi ni oyè àwọn méjèèjì gbé lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tí ààfin rẹ̀ wà létí omi nínú àwọn méjèèjì. Orí ilẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n tẹ́ ìtẹ́ wọn sí, níbi tí ọjà àti ọ̀nà gbé pàdé, tí wọ́n ń jẹ́ orúkọ omi. Okùn kan ni ó so omi mọ́ ààfin, tí ó so ààfin mọ́ ọjà, okùn náà ni a sì ń pè ní ìlú. Bí a bá gé e, orúkọ lè ṣẹ́kù, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ yóò ti bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Kí a má ṣe rò pé láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé ni àárín Òṣogbo ti wà níbi tí ó wà yìí. Ó ti ṣí nípò rí. Nínú igbó Ọ̀ṣun títí di òní, wọn a máa fi ibi tí ààfin àkọ́kọ́ wà han àlejò, wọn a sì máa fi ibi tí à ń pè ní Ọjà Oǹtótóó hàn án, èyí tí wọ́n kà sí ọjà àkọ́kọ́ ìlú náà. Nígbà tí ènìyàn pọ̀ sí i, wọ́n gòkè kúrò létí odò lọ sí ibi tí ilẹ̀ gbé ga. Ohun tí mo fẹ́ kí a kíyèsí ni pé wọn kò gbé ààfin nìkan. Ààfin àti ọjà jọ ṣí ni, bí ìyá tó ń kó ẹrù tó pọn ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn. Ọ̀ṣun nìkan ni kò ṣí. Nítorí náà ni ọ̀nà fi wà láàrin òun àti wọn, ọ̀nà yìí ni ọdún Ọ̀ṣun sì ń tọ̀ títí di òní.

Ní nǹkan bí 1840 ni ogun Òṣogbo jà, nígbà tí àwọn ọmọ-ogun Ìbàdàn tí Balógun Odérinlọ ṣáájú wọn ṣẹ́gun àwọn ará Ìlọrin lẹ́yìn odi ìlú náà. Ogun yìí dá àwọn Fúlàní dúró, ìlú náà sì di ibi tí ọ̀pọ̀ àwọn ará Ọ̀yọ́ tí ilé wọn ti tú sá wá. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ìlú tí ọmọ Ìjẹ̀ṣà tẹ̀ dó fi ń sọ èdè tó fara mọ́ ti Ọ̀yọ́ lónìí. Nínú ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa ogun náà, wọ́n ní Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀ jáde bí obìnrin olóúnjẹ, ó ta ẹ̀fọ́ olóró fún àwọn ọmọ-ogun ọ̀tá, inú sì bẹ̀rẹ̀ sí í run wọ́n. Àwọn òrìṣà mìíràn a máa fi àrá jà, wọn a máa fi idà jà. Igbá ọjà ni Ọ̀ṣun fi jà ní tirẹ̀. Ìlú tó ń sọ irú ìtàn báyìí nípa òrìṣà rẹ̀ kò lè fojú kékeré wo ọjà, àfi bí ó bá ti gbàgbé ara rẹ̀.

Ní 1907 ni ọkọ̀ ojú irin dé Òṣogbo, ni ìlú náà bá ní àárín kejì. Òpópónà Téṣàn di ibi tí àwọn ilé-ìtajà òyìnbó wà, ibẹ̀ ni kòkó àti aṣọ ń gbà kọjá. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ń ta aṣọ ní àwìn kiri gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, àwọn tí a ń pè ní Òṣómàáló nítorí pé wọn a lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè títí yóò fi sanwó, tọ ọ̀nà yẹn wá pẹ̀lú. Owó kòkó àti owó òwò yìí ni ó kọ́ àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí a ń rí láti Òpópónà Téṣàn títí dé ìtòsí ààfin, àti ní Iléṣà náà: ilé olópòó, tí fèrèsé wọn tẹ̀ bí òṣùmàrè, tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì ṣe òdòdó sí lára. Àwọn Àgùdà tó ti Bùràsíìlì padà sí Èkó ni wọ́n mú irú ilé yìí wá, àwọn bíríkìlà wa sì sọ ọ́ di tiwọn. Wọ́n a máa gbé kìnnìún sìmẹ́ńtì sí orí rẹ̀, wọ́n a sì kọ ọdún tí wọ́n kọ́ ilé náà sí iwájú.

Nígbà tí mo lọ wo àdúgbò náà, mo dúró níwájú ọ̀kan nínú irú ilé bẹ́ẹ̀. Òkè rẹ̀ ti ń jò, igi fèrèsé rẹ̀ ti jẹrà, ṣùgbọ́n abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ kún fún èrò. Mo kí ìyá àgbà kan tó ń ta irú níbẹ̀.

"Ẹ kú ọjà o, ìyá. Ẹ ó tà o."

"Àṣẹ, ọmọ mi. Èló ni kí n bù fún ọ?"

Mo ra irú díẹ̀, mo wá bi í pé, "Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ta ni ó ni ilé yìí?"

Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "Ṣé kì í ṣe pé wọ́n rán ọ wá kùn ún ní ọ̀dà pupa?"

"Rárá o, ìyá. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹni tó kọ́ ọ ti kú kí wọ́n tó bí mi. Ibi tí mo jókòó sí yìí ni ìyá mi ti ta irú, ibẹ̀ náà ni ìyá tirẹ̀ ti tà á. Bí o bá ń béèrè ẹni tó ni òkè, wọ́n wà l'Ékòó. Bí o bá ń béèrè ẹni tó ni ìsàlẹ̀, àwa nìyí."

N kò tíì gbọ́ àlàyé tó dára ju èyí lọ nípa ohun tí àdúgbò àtijọ́ jẹ́. Nínú ìwé àwọn aṣòfin, ilé ní olówó kan tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé. Ní Ọjà Ọba, ilé kan náà ní olówó méjì: ẹni tó kọ́ ọ àti ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kúrò níbẹ̀. Ọ̀dà pupa tí ìyá náà bẹ̀rù rẹ̀ kò sì ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Àmì tí wọ́n máa ń kùn sí ara ilé tí katakata ń bọ̀ wá wó ni, nígbà tí wọ́n bá fẹ́ mú ọ̀nà fẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wá yẹ ọ̀rọ̀ àwọn ayàwòrán wò, nítorí àwọn ni wọ́n jẹ́ kí ayé mọ Òṣogbo. Ní 1962 ni Dúró Ládiípọ̀ àti Ulli Beier dá Mbari Mbayo sílẹ̀ ní Òpópónà Téṣàn. Ibẹ̀ ni Ládiípọ̀ ti kọ́kọ́ ṣe eré Ọba Kòso ní 1963, wọ́n sì gbé e lọ sí Berlin ní Jámánì ní 1964. Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria tí àwọn ará ìlú ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, ti dé ilẹ̀ Nàìjíríà láti 1950. Òun àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó bá a ṣiṣẹ́ ni wọ́n tún àwọn ojúbọ inú igbó ṣe, ó sì wà lẹ́nu iṣẹ́ náà pẹ́ títí kí ó tó kú ní 2009. Bí kì í bá ṣe tiwọn ni, ó ṣeé ṣe kí àwọn agégi àti àwọn oníoko ti sọ igbó náà di ìtàn. Ìyìn tó tọ́ sí wọn, n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ wọn.

Ṣùgbọ́n níbo ni ọwọ́ tó ṣiṣẹ́ inú igbó ti kọ́ iṣẹ́? Adébísí Àkànjí, tí iṣẹ́ sìmẹ́ńtì rẹ̀ lókìkí tó bẹ́ẹ̀, bíríkìlà ni. Kìnnìún sìmẹ́ńtì orí àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ni ó wu Beier tí ó fi ní kí àwọn bíríkìlà wá díje láti ṣe ẹranko sìmẹ́ńtì, ibẹ̀ sì ni ọwọ́ Àkànjí ti hàn. Ó ṣe ògiri aláwòrán fún ilé epo kan ní Òṣogbo, lẹ́yìn náà ó bá Wenger ṣiṣẹ́ nínú igbó. Nítorí náà, kí ère tó wọ igbó, ó ti wà lórí ilé nínú ìlú. Àti Ọba Kòso náà, ọ̀rọ̀ ààfin ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ọba, àwọn ìjòyè rẹ̀, àwọn olorì rẹ̀, àti àwùjọ ìlú tó ń wo ohun tí ọba yóò ṣe. Ohun tí mo rí wí sí iṣẹ́ àwọn tó ń yìn wọ́n ni pé wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé igbó ni ó bí iṣẹ́ ọnà Òṣogbo. Ìlú ni ó bí i. Igbó ni ó gbà á tọ́.

Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kí ó wo ètò ọdún Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀, tí wọ́n ń ṣe ní oṣù kẹjọ ọdọọdún. Bí nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni ọdún náà. Ìwọ́pópó ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí Àtáọ́ja àti àwọn ènìyàn rẹ̀ bá gba òpópónà ìlú kọjá wá sí ààfin. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń tan àtùpà olójú mẹ́rìndínlógún, ààfin ni wọ́n ti ń tàn án ní òru. Lẹ́yìn èyí ni ti ìborí adé, tí wọ́n ń kó àwọn adé àwọn ọba tó ti wàjà jáde. Ọjọ́ tó kẹ́yìn ni Arugbá ń gbé igbá jáde láti ààfin, tí gbogbo ìlú ń tẹ̀ lé e lọ sí odò. Nínú gbogbo ọjọ́ wọ̀nyí, ọjọ́ ìkẹyìn ni gbogbo ìlú ń rọ́ lọ sínú igbó. Àwọn tó kù, àárín ìlú ni ó ni wọ́n. Àwa tí a ń lọ dúró de Arugbá létí odò, ọ̀rọ̀ ìparí ni a ń gbọ́, a kò gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀.

Síbẹ̀, ẹ wo bí òfin ti pín ọ̀rọ̀ náà. Ní 1965 ni ìjọba kéde igbó Ọ̀ṣun gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní 2005 ni àjọ UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá gbogbo ayé. Hẹ́kítà 75 ni igbó náà, wọ́n sì tún fi hẹ́kítà 47 yí i ká láti dáàbò bò ó. Ó dára, ó sì tọ́. Ṣùgbọ́n ààlà náà kò dé Ọjà Ọba, kò sì dé ààfin. Ìyẹn ni pé wọ́n dáàbò bo ibi tí Arugbá ń lọ, wọn kò dáàbò bo ibi tó ti ń bọ̀. Kí ni ìlò ẹnu ọ̀nà tí a tì dáadáa, bí ilé tó ni ẹnu ọ̀nà bá wó?

Àwọn kan yóò ní, "Kí ni a fẹ́ dáàbò bò ní Ọjà Ọba? Páànù àti búlọ́ọ̀kù ni gbogbo rẹ̀. Ààfin gan-an kò rí bí ààfin àtijọ́ mọ́." Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n Iléṣà ni n ó fi dá wọn lóhùn. Ní 1870 ni àwọn ọmọ-ogun Ìbàdàn fọ́ Iléṣà. Àwọn ènìyàn rẹ̀ fọ́nká, ogun Kírìjì sì tẹ̀ lé e láti 1877 títí di 1893, kí àlàáfíà tó dé kí wọ́n tó tún ìlú wọn ṣe dáadáa. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé kò sí ògiri kan ní Iléṣà tí a lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé ó ti wà kí 1870 tó dé. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn Ìjẹ̀ṣà padà, ṣé ibòmíràn ni wọ́n kọ́ ààfin Ọwá sí? Rárá o. Ibi tó wà tẹ́lẹ̀ náà ni. Àwọn àdúgbò tún padà jẹ́ orúkọ wọn: Òkèṣà, Ìjọ̀kà, Ìsọ̀nà. Ọjà àárín ìlú tí wọ́n fi Ọwá Àtàkúnmọ́sà sọ ń ná títí di òní. Ìlú tí ògiri rẹ̀ wó tán, tí kò sì sọnù! Èyí kọ́ wa pé ohun tí ó gbó ní àárín ìlú Yorùbá kì í ṣe ògiri. Ètò rẹ̀ ni ó gbó: ibi tí ọ̀nà gbé pàdé, ẹni tó ń jókòó níbẹ̀, orúkọ tí wọ́n ń pe ibẹ̀, àti ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ní ọjọ́ kan nínú ọdún. Ọ̀jọ̀gbọ́n G. J. Afọlábí Òjó ṣe ìwé kan lórí àwọn ààfin ilẹ̀ Yorùbá tó jáde ní 1966. Ipò tí ó fún ààfin nínú ètò ìlú nínú ìwé náà bá ohun tí mo ń wí mu.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé kò ṣeé ṣe láti dáàbò bo ọjà. Ní ìlú Marrakech ní ilẹ̀ Mòrókò, gbàgede kan wà tó ń jẹ́ Jemaa el-Fna, níbi tí àwọn apàlọ́, àwọn oníṣègùn, àwọn olórin àti àwọn olóúnjẹ gbé ń péjọ lójoojúmọ́. Nígbà kan, àwọn kan fẹ́ kọ́ ilé gogoro àti ibi ìgbọ́kọ̀sí sí ẹ̀bá rẹ̀. Juan Goytisolo, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Sípéènì tó fi ibẹ̀ ṣe ilé, wà lára àwọn tó fi gègé jà fún un. Ní 2001 àjọ UNESCO kéde àṣà ibẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun iyebíye fún gbogbo ènìyàn. Ẹ kíyèsí i: kì í ṣe òkúta ilẹ̀ gbàgede náà ni wọ́n yìn, bí kò ṣe ohun tí àwọn ènìyàn ń ṣe lórí rẹ̀. Òǹkọ̀wé ni ó sì wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Nítorí náà, ẹgbẹ́ bí tiwa kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ ọjà kò kan òun.

Àṣìṣe méjì ni mo fẹ́ kí a yẹra fún. Èkíní ni ti àwọn tó fẹ́ palẹ̀ ọjà mọ́ kúrò níwájú ààfin kí ó lè lẹ́wà lójú àlejò. Wọn a fẹ́ òdòdó, wọn a fẹ́ ìsun omi, wọn a fẹ́ ibi tí a ti lè ya fọ́tò. Ẹwà tí wọ́n ń wá yìí, ẹwà ilé tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀ ni. Ààfin tí kò ní ọjà níwájú dà bí ìlù tí kò sí ẹni tí yóò jó sí i. Àtijọ́ ni àwọn baba wa ti mọ̀ pé ó yẹ kí ọba máa gbọ́ ariwo àwọn tó ń jọba lé lórí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ná ọjà sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Àṣìṣe kejì ni ti àwọn tó fẹ́ kí ohunkóhun má yí padà níbẹ̀, bí ẹni pé àdúgbò jẹ́ ẹja gbígbẹ. Ààfin Òṣogbo ti ṣí láti inú igbó wá sókè. Koríko orí ilé ti di páànù. Mọ́sáláṣí gbogboogbò ìlú wà ní ìtòsí Ọjà Ọba, kò jìnnà sí ààfin tí wọ́n ti ń gbé igbá Ọ̀ṣun jáde, kò sì sí èyí tó lé èkejì lọ. Ibi tó bá lè gba gbogbo èyí mọ́ra kò ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kí a máa so òun mọ́lẹ̀. Ohun tí mo ń béèrè kò ju pé kí a ní ìwọ̀n kan tí a ó máa fi wọn ìyípadà. Ìwọ̀n tèmi nìyí: bí a bá ti ṣe é tán, ṣé Arugbá lè gbé igbá láti ààfin dé odò láìfi ẹsẹ̀ kọ? Ṣé ọmọ oníirú lè jókòó sí ibi tí ìyá rẹ̀ jókòó sí? Ṣé àgbà ilé kan lè na ọwọ́ kí ó sọ orúkọ gbogbo agbo ilé tó yí i ká? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n máa kọ́lé wọn lọ, bó ṣe búlọ́ọ̀kù bó ṣe gíláàsì. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, a ti ba ìlú jẹ́, bí ó ti wù kí ilé tuntun náà dán tó.

Nínú ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, ìkẹta ni ó kan àwa ọmọ ẹgbẹ́ yìí jù lọ. A kò ní katakata, a kò sì lè dá a dúró. A kò ní owó tí a ó fi tún òkè ilé tó ń jò ṣe. Ṣùgbọ́n a mọ̀ ọ́n kọ, a mọ̀ ọ́n kà, a sì mọ bí a ti ń fi àmì ohùn sí orí ọ̀rọ̀. Orúkọ agbo ilé tó yí Ọjà Ọba ká, àti àwọn tó yí ààfin Ọwá ká ní Iléṣà, ẹnu àwọn àgbà ni púpọ̀ nínú wọn wà. Nọ́ńbà ilé àti orúkọ òpópónà tí ìjọba fi sára pátákó ń gba ipò wọn. Ọmọ tó bá dàgbà sí ilé onínọ́ńbà kò ní mọ̀ pé ilé náà ní oríkì. Mo dábàá pé kí ẹgbẹ́ wa yan àwọn mélòó kan ní ìsinmi tó ń bọ̀, kí wọ́n lọ láti agbo ilé dé agbo ilé ní ìlú méjèèjì, kí wọ́n kọ orúkọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ pẹ̀lú ohùn rẹ̀, ìtumọ̀ tí àwọn onílé fún un, àti iṣẹ́ tí a mọ ilé náà mọ́. Kí a má ṣe bá wọn jiyàn lórí ìtumọ̀. Kí a kọ ọ́ bí wọ́n ti sọ ọ́, kí a sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn yìí.

Ní 1870, ogun wó ògiri Iléṣà, ṣùgbọ́n nítorí pé àwọn tó padà ṣì mọ orúkọ àti ipò ohun gbogbo, wọ́n tún ìlú náà tẹ̀ dó. Bí ògiri Ọjà Ọba bá wó lọ́la, ta ni nínú wa ni yóò mọ orúkọ tí a ó fi tún un kọ́?